Ẹ̀yin lẹ já owó ilé yín wálẹ̀, Tíṣà

Ẹ̀yin Tíṣà wa ní Ìpè-Àkókó, ẹ kú ewu iná. Gbólóhùn kan nínú lẹ́tà tí ẹ kọ nípa ìnṣọ́ránsì ilé yín ló bí mi nínú: "Mo ní kí wọ́n kọ mílíọ̀nù 3 náírà, kí owó tí n ó máa san lọ́dọọdún lè kéré." Ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ní kò ṣeé kọ́ lónìí bí kò bá tó mílíọ̀nù 12!

Ohun tó jóná tó mílíọ̀nù 2, ilé iṣẹ́ adójútòfò ní ₦500,000 làwọn á san, ẹ wá ń pè é ní jìbìtì. Jìbìtì kọ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin ilé yín lẹ san ìnṣọ́ránsì lé lórí, ìdá kan nínú mẹ́rin òfò náà ni wọ́n máa san. Òun ni ìwé wọn ń pè ní average. Wọ́n tún lè yọ excess kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn iye tí onílé á kọ́kọ́ fara gbá. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan: oníṣòwò aṣọ kan kọ̀wé sí mi nígbà kan láti Ìkàrẹ́. Ìjì ló ká páànù ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ìnṣọ́ránsì iná nìkan ló sì ní. Wọn kì í ka ìjì àti àgbàrá mọ́ iná àfi téèyàn bá sanwó kún un. Ní Àkókó, níbi tí ìjì òjò ti máa ń ká òrùlé! Ejẹ́ǹtì tó ta ìnṣọ́ránsì fún un mọ̀, kò sọ. Tiyín náà fojú rí ilé yín, ó sì kọ mílíọ̀nù 3 láìwí nǹkan kan. Kọmíṣọ́ọ̀nù tirẹ̀ ṣáà ti wọlé!

Ó tó báyìí. Owó ìfẹ̀yìntì kò tó ná, mo mọ̀, Tíṣà mi. Ẹ má tíì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ìgbowó. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìṣirò wọn sílẹ̀ fún yín. Bí kò bá bá ìwé àdéhùn mu, ẹ kọ̀wé sí àjọ NAICOM l'Ábújá, àwọn ni ìjọba fi ṣe alábòójútó àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kọ iye tí ilé náà tó gan-an, ẹ béèrè ìnṣọ́ránsì ìjì mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì tètè sanwó. Òfin ti sọ ọ́: ẹni tí kò bá tíì sanwó, kò tíì ní ìnṣọ́ránsì.