Báwo La Ṣe Ń Yan Pàṣán fún Ẹṣin Kúkúrú Tó Ń Fa Kẹ̀kẹ́?

Tí wọ́n bá dárúkọ pàṣán lágbègbè Odò-Ọ̀tìn, láti Ìgbàyè dé Òkukù àti Ìnísà, nínà ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. Àwọn kan á rántí àtòrì ọwọ́ àwọn tó ń tẹ̀lé eégún. Àwọn mìíràn á rántí kòbókò, tàbí ẹgba tíṣà. Òwe wa náà mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀: pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ṣùgbọ́n pàṣán kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Òun ni èyí tí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin máa ń mú dání. Lónìí, a fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń yan irú rẹ̀ fún ẹṣin kúkúrú. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Tí a bá ṣi pàṣán yàn, ẹṣin á jìyà, ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ náà sì lè fara pa.

Gígun ẹṣin yàtọ̀ sí wíwa kẹ̀kẹ́ ẹṣin

Ẹṣin kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún 1878, nígbà ogun Jálumi lágbègbè Ìkìrun, àwọn ẹlẹ́ṣin wà lára ọmọ ogun Ìlọrin tí àwọn Ìbàdàn ṣẹ́gun, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá odò Ọ̀tìn lọ. Ṣùgbọ́n gígùn ni wọ́n ń gun ẹṣin wọ̀nyẹn. Gígùn náà ni wọ́n ń gun èyí tí à ń rí níbi ayẹyẹ lóde òní. Tó o bá fẹ́ rí ibi tí ẹṣin ti ń fa kẹ̀kẹ́ lójoojúmọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lọ sí orílẹ̀-èdè Senegal. Níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń gbé ẹrù àti èrò láàárín ìlú àti lábúlé.

Kí ni ìyàtọ̀? Ẹni tó gun ẹṣin ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì bá a sọ̀rọ̀. Ó lè fi ẹsẹ̀ òsì tì í díẹ̀ kó lè sún sí ọ̀tún. Ó lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì fún un mọ́ra díẹ̀ kó lè tẹ̀ síwájú. Ẹni tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ kò ní ẹsẹ̀ lára ẹṣin rárá. Ohùn ẹnu rẹ̀, okùn ìjánu àti pàṣán nìkan ló kù fún un. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni pàṣán jẹ́ fún awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Kó fi kan ẹṣin ni, kì í ṣe kó fi nà án. Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ nípa bí a ṣe ń yàn án ti ibẹ̀ wá.

Báwo ló ṣe kúrú tó?

Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ American Miniature Horse Association gbà pé ẹṣin tí wọ́n ń pè ní miniature kò gbọ́dọ̀ ga ju íńṣì 34 lọ, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 86. Ibi tí irun gọ̀gọ̀ rẹ̀ parí sí lẹ́yìn ọrùn ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Fi wé tábìlì ìjẹun ilé yín, kò ga jù ú lọ púpọ̀. Àgbàlagbà kò lè gun un, àmọ́ ó lè fa kẹ̀kẹ́ kékeré. Àwọn Birom ní ìpínlẹ̀ Plateau náà ní ẹṣin kúkúrú tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn ga ju èyí lọ. Ọ̀nà kan náà la fi ń yan pàṣán fún gbogbo wọn. Gígùn pàṣán ló máa yàtọ̀.

Ṣé awọ ẹṣin nípọn ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé awọ ẹṣin nípọn débi pé ẹgba kì í dùn ún. Wo ẹṣin tí eṣinṣin bà lé lára. Kíá ni awọ ibẹ̀ á gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, tí eṣinṣin á fò lọ. Iṣan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ awọ rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Tí ẹṣin bá mọ̀ pé eṣinṣin bà lé òun, báwo ni kò ṣe ní mọ̀ pé wọ́n fi kòbókò na òun?

Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Australia, tí Lydia Tong àti Paul McGreevy wà lára wọn, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi maikirosíkóòpù wo awọ ìdí ẹṣin àti ti èèyàn. Níbi awọ òkè tó ń mọ ìrora, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi láàárín àwa àti ẹṣin, yálà nínú bó ṣe nípọn tó ni o, tàbí nínú iye ẹnu iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ. Ká sọ ọ́ ní ṣókí, ohun tó máa dun ìwọ, ó máa dun ẹṣin.

Kí ló dé tí pàṣán fi ń dún "tàá"?

Tí darandaran bá ju ẹgba gígùn, ó lè dún bí ìbọn. Ìró yẹn kì í ṣe ti nǹkan tí ẹgba bà. Nígbà tí o bá ju ọwọ́, ẹgba á ká bí òrùka kan, òrùka yẹn á sì máa sáré lọ sí ẹnu ẹgba. Bí ẹgba ṣe ń tín-ín-rín sí i, bẹ́ẹ̀ ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí agbára tó wà nínú ibi tó nípọn ti kó sínú ibi tó fúyẹ́. Nígbẹ̀yìn, ẹnu rẹ̀ á sáré ju ìró fúnra rẹ̀ lọ, ìyẹn nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ariwo tó bá jáde níbẹ̀ jọ ti ọkọ̀ òfuurufú ológun tó sáré ju ìró. Lọ́dún 2002, Alain Goriely àti Tyler McMillen fi ìṣirò ṣàlàyé ipa tí òrùka yẹn ń kó.

Kí ló kan ẹṣin kúkúrú nínú èyí? Ẹṣin jẹ́ ẹranko tó máa ń sá fún ewu kó tó bi í pé kí ni. Tí pàṣán bá dún tàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, ó lè sáré pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ á sì dojú dé. Nítorí náà, má ra pàṣán tó ní okùn gígùn tó ń dún. Okùn kúkúrú tó rọ̀ ló dára.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká yàn án

1. *Gígùn.* Jókòó sínú kẹ̀kẹ́, kí ẹṣin wà níwájú, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú. Di ìjánu mú bó o ṣe máa dì í mú lójú ọ̀nà. Kí ẹlòmíì fi okùn wọn ibi tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ wà títí dé ẹ̀yìn èjìká ẹṣin. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150. Pàṣán tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ 120, tí okùn rẹ̀ jẹ́ 40, á dé ibẹ̀ dáadáa. Èyí tó jẹ́ 100 lápapọ̀ kò lè débẹ̀. Tó o bá ní láti nà síwájú kó tó dé, wàá fa ìjánu láìmọ̀, ẹnu ẹṣin á gbọ́ "dúró" nígbà tí pàṣán ń sọ pé "máa lọ".

2. *Ibi tó máa kàn.* Ẹ̀gbẹ́ èjìká ni, kì í ṣe ìdí. Tí pàṣán kúrú, ìdí nìkan ni ọwọ́ á tó, ọ̀pọ̀ ẹṣin sì máa ń ta ìpá tí nǹkan bá kàn wọ́n níbẹ̀.

3. *Ìwọ̀n.* Gbé pàṣán lé ìka kan. Ibi tí kò ti tẹ̀ sí iwájú tàbí ẹ̀yìn yẹ kó sún mọ́ ibi ìdìmú. Bí orí pàṣán bá wúwo, jíjìnnà rẹ̀ sí ọwọ́ á sọ ìwọ̀n kékeré di ńlá. Láìpẹ́, ọrùn ọwọ́ á rẹ̀, pàṣán á sì máa já lu ẹṣin láìjẹ́ pé o fẹ́ bẹ́ẹ̀.

4. *Ohun tí wọ́n fi ṣe é.* Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi holly ni wọ́n fẹ́ràn láyé àtijọ́. Fíbà ló pọ̀ lóde òní. Lọ́dọ̀ wa, àtòrì fúyẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń tẹ̀ láì dá. Gbẹ́ gbogbo kókó ara rẹ̀ kúrò kó jọ̀lọ̀. Má so wáyà tàbí kókó mọ́ okùn rẹ̀.

5. *Ìdánwò.* Fi kan inú apá tìrẹ bó o ṣe fẹ́ fi kan ẹṣin. Tó bá ta ọ́, pàṣán náà kò yẹ, tàbí ọwọ́ rẹ ti le jù.

Ìgbà tó yẹ kó dúró

Kí o tó lò ó, fi pàṣán pa ẹṣin lára jẹ́jẹ́ láti ọrùn dé ẹ̀yìn fún ọjọ́ mélòó kan, kó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀tá. Lẹ́yìn náà, kọ́kọ́ fi ohùn sọ̀rọ̀. Tí kò bá dáhùn, fi pàṣán kàn án. Ní kété tó bá gbé ẹsẹ̀, dáwọ́ dúró. Ìdádúró yẹn gan-an ló ń kọ́ ẹṣin pé ohun tí òun ṣe tọ̀nà. Ẹni tí kò dáwọ́ dúró ń kọ́ ẹṣin rẹ̀ pé ìgbọràn kò lérè. Nígbà tó bá yá, ẹṣin á kàn di ọ̀dájú sí pàṣán ni.

Tí ẹṣin tó máa ń lọ dáadáa bá kọ̀ láti lọ, sọ pàṣán kalẹ̀ ná. Wo pátákò rẹ̀ bóyá òkúta há síbẹ̀. Wo abẹ́ àwọn ọ̀já ara rẹ̀ bóyá ó ti bó. Wo ẹrù, wo oòrùn, bi ara rẹ pé nígbà wo ló mu omi kẹ́yìn. Pàṣán lè mú kí ẹṣin tó ń jẹ̀rora rìn síwájú, àmọ́ kò lè wo ohun tó ń dùn ún.

Òfin náà mọ èyí. Abala 495 nínú ìwé òfin Criminal Code tó wà fún gúúsù Nàìjíríà ka lílu ẹranko nílùkulù, lílò ó jù àti dídi ẹrù tó ju agbára lé e sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí owó ìtanràn ₦50 ló wà níbẹ̀. Àádọ́ta náírà kò ra búrẹ́dì mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ṣì jẹ́ oṣù 6. Ní Norway, láti ọdún 1982 ni wọ́n ti fòfin de fífi pàṣán na ẹṣin níbi ìdíje eré ẹṣin, ẹṣin wọn sì ń sáré títí dòní.

Tí o kò bá tíì ní ẹṣin, o ṣì lè gbìyànjú apá kan ẹ̀kọ́ yìí lónìí. Gé àtòrì méjì, ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 60, èkejì 120. So ewé kan mọ́ ara ògiri. Dúró síbi tó jìnnà tó mítà kan àtààbọ̀, kí o sì gbìyànjú láti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kan ewé náà láìjẹ́ kó já. Wàá rí èyí tó ń fi ipá mú ọ tẹ̀ síwájú, wàá sì mọ bí ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ tó.