Ẹ má kó purotéènì ọpọlọ jọ de oníbàárà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta irinṣẹ́ ilé àyẹ̀wò l'Adó-Èkìtì, yálà Basiri lẹ wà tàbí ojú ọ̀nà Ìwòròkó, kò ní yà yín lẹ́nu bí olùwádìí kan láti EKSU tàbí ABUAD bá mú ìwé wá lọ́jọ́ kan pé kẹ́ ẹ bá òun ra recombinant human ApoE4. Ẹ má tètè sọ pé ẹ ò tà á. Ẹ má sì tíì gbowó.

Purotéènì tí ara èèyàn máa ń ṣe ni, ṣùgbọ́n wọn kò fà á yọ lára ẹnikẹ́ni. Ìtọ́ni tí ara fi ń ṣe é ni wọ́n máa ń fi sínú bakitéríà, tí bakitéríà á sì máa bá wọn ṣe é. Ọgbọ́n yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe ínsúlínì tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún. Ọdún 1982 nìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú rẹ̀ àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ ApoE ni láti máa gbé ọ̀rá kiri nínú ọpọlọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kan àwa Yorùbá gan-an. Lọ́dún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn àgbàlagbà n'Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 2001, àrùn Alzheimer tó ń gba ìyè lọ́wọ́ àgbà ń mú bíi 12 nínú ẹgbẹ̀rún àgbà Ìbàdàn lọ́dún, ó sì ń mú bíi 25 ní Indianapolis. ApoE4 tó ń kó bá àwọn òyìnbó kò sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára àwọn ará Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ lè nílò purotéènì yìí nínú láábù.

Ibi tí oníṣòwò ti lè ṣubú nìyí: ApoE2 wà, ApoE3 wà, ApoE4 náà wà. Nínú ègé 299 tí wọ́n fi kọ́ purotéènì yìí, ẹyọ kan péré ló ya 3 sọ́tọ̀ kúrò lára 4. Ìyẹ̀fun funfun kan náà ni lójú. Bẹ́ ẹ bá gbé 3 wá fún ẹni tó fẹ́ 4, ọrùn yín ló máa wà. Nítorí náà, kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà ọjà náà bó ṣe wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, kó sì buwọ́ lù ú.

Ẹ wá wo owó. Ìwọ̀n microgram ni wọ́n fi ń tà á, mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló wà nínú gíráàmù kan. Ká ní ọjà àti owó ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ 700 dọ́là. Bẹ́ ẹ bá dá iye lé e ní ₦1,400 sí dọ́là kan, ₦980,000 ni. Bí dọ́là bá di ₦1,500 kẹ́ ẹ tó san án, ₦70,000 ti lọ, bóyá èrè yín gan-an nìyẹn. Ẹni tó tajà bẹ́ẹ̀ nínú oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí náírà já, á rántí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé iye owó pé ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi múlẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó ṣáájú. Ẹ béèrè ohun tí NAFDAC àti Kọ́sítọ́ọ̀mù ń fẹ́ kí ọjà tó gbéra.

Oògùn kọ́ o. Ìwádìí nìkan ni wọ́n kọ sí i lára pé ó wà fún. Bí ẹnì kan tí bàbá rẹ̀ ń gbàgbé nǹkan bá wá fowó ńlá bẹ̀ yín, ẹ ní kó gbé bàbá lọ rí dókítà.

Ní ti òtútù, ẹ má rà á sílẹ̀ sínú fíríísà yín, pẹ̀lú iná tí gbogbo wa mọ̀. Èyí tí wọ́n ti pò mọ́ omi kì í fẹ́ kó máa dì, kó máa yọ́, ó máa ń bàjẹ́ ni. Inú yìnyín gbígbẹ tó tutù tó 78 ìsàlẹ̀ òdo ni irú rẹ̀ sábà máa ń wà. Ẹ má dé kúlà yẹn pinpin, ó lè bú gbàù. Ẹ sì ṣí fèrèsé ọkọ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè dá èèyàn kú. Ẹ má jẹ́ kó wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀, láábù á ti pa. Bẹ́ ẹ bá ń gbé e bọ̀ láti Èkó, ẹ pe oníbàárà láti Iléṣà, kó ti dúró nídìí fíríísà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọjá Àrámọ̀kọ.