Lẹ́tà sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Omi Ẹ̀yìnkùlé

Ìbàdàn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo ti rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ọgbà ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Ìlọfà ti di àbàtà, pé ilá ń jẹrà láti ìdí, ewé ata ń pọ́n, ó sì ń rẹ̀ dànù, àti pé o ti bá àwọn agbẹ́lẹ̀ dúnàádúrà láti gbẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀ kan tí omi yóò máa dà sí. Jọ̀ọ́, dá wọn dúró ná. Ọ̀gọ̀dọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbẹ́ ẹ láì mọ ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde, ilé ẹ̀fọn ló gbẹ́.

Láti Ìlọfà dé Odò-Ọwá, ilẹ̀ olókè ni. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kì í rì, ṣe ló ń ya wá sísàlẹ̀, ọgbà tó bá sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ ló ń gbà á lálejò. Ní oṣù Kẹrin, ilẹ̀ gbígbẹ a máa mu omi bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ tipẹ́. Tó bá fi máa di oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀ ti yó. Òjò tí kò tó nǹkan á dúró sáàárín ebè di ọjọ́ kejì.

Kòtò ìdánwò kékeré kan ló ń sọ òótọ́ nípa irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà méjì ní jíjìn, kó fẹ̀ tó garawa. Kí onílẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó wo ògiri kòtò náà dáadáa. Òkè á dúdú, ìsàlẹ̀ á pupa. Bó bá dé ibi tí amọ̀ ti rí bí eérú, tí àmì pupa bíi ti irin tó dógùn-ún wà lára rẹ̀, omi ti ń gbé ibẹ̀ lọ́dọọdún nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kó bu omi kún un, kó jẹ́ kó fà, kó tún bù ú kún lẹ́ẹ̀kejì, kó sì fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí omi bá ti fà tán, ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì ń mu. Ojú àgbàrá tí a là dáadáa lè tó o. Bí kò bá fà, ọ̀gọ̀dọ̀ lè wúlò. Àmọ́ bí omi bá ń sun wá fúnra rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ síbẹ̀ á ti kún kí òjò tó dé. Ebè gíga àti kókò ni irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Jẹ́ ká ṣírò omi tí òrùlé lè dà sínú ọ̀gọ̀dọ̀. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, á da lítà 5,000 sílẹ̀ bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀. Dúróòmù onílítà 200 mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìyẹn! Ọ̀gọ̀dọ̀ oní-mítà mẹ́ta ní gígùn àti fífẹ̀, tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60, kò gbà ju lítà 5,400 lọ. Òjò kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Níbo ni ti ọjọ́ kejì yóò gbà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé nìkan. Ní 1964 ni wọ́n sé odò Awba ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 26 oṣù Kẹjọ, 2011, òjò ńlá rọ̀ ní Ìbàdàn, omi Awba kún àkúnya, ó sì gbá ọgbà ẹja yunifásítì náà lọ. Ènìyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ ló kú nílùú lọ́jọ́ náà. Bí ìdídò ńlá bá lè kún àkúnya báyẹn, ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré gbọ́dọ̀ ní ojú ìṣàn tó rẹlẹ̀ ju bèbè rẹ̀ lọ, tí a fi òkúta tẹ́, tí kò sì dojú kọ ilé aládùúgbò, kànga tàbí ṣọ́kàwéè.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ńkọ́? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn á di tanwíjí, tanwíjí á sì di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹja epìyà díẹ̀ a máa jẹ tanwíjí. Òṣíbàtà lè bo apá kan ojú omi, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú koríko omi olódòdó aláwọ̀ àlùkò wá. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ọ̀sà Badagry ní 1984. Bí ọmọdé bá wà nílé, fi ọgbà yí ọ̀gọ̀dọ̀ ká kí omi tó wọ̀ ọ́.

Nítorí náà, má jẹ́ kí àwọn agbẹ́lẹ̀ ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Gbẹ́ kòtò kékeré yẹn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí o kọ iye ínǹṣì omi tó kù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ránṣẹ́ sí mi, kí o sì yàwòrán ibi tí omi òrùlé ń dà sí. Bá mi kí ìyá rẹ.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ.