Ṣé ọ̀rọ̀ sísọ ló sọ wá dèèyàn?

Ẹ bá mi dáhùn ná: kí ló yà wá sọ́tọ̀ sí ẹranko? Ọ̀pọ̀ yín máa ní, "A máa ń sọ̀rọ̀, a sì máa ń ronú." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá àgbà mi ní Iléṣà, tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àlejò kan ní, "Wọn ò yàtọ̀ sí ẹranko mọ́ báyìí." Ó dùn mí wọnú eegun. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ọ̀bọ ń ránṣẹ́ síra wọn

Ẹni tó bá ti dé Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo á ti gbọ́ igbe àwọn ọ̀bọ ibẹ̀. Ṣé igbe lásán ni? Ní Gashaka Gumti, lápá ìlà oòrùn Nàìjíríà, Kate Arnold àti Klaus Zuberbühler ṣèwádìí lórí irú ọ̀bọ kan tí imú rẹ̀ funfun. Akọ wọn sábà máa ń ké "píáò" tó bá rí ẹkùn, "hák" tó bá rí idì. Àbájáde wọn ní 2006 ni pé tí akọ bá so méjèèjì pọ̀, tí píáò ṣíwájú hák, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà: gbogbo agbo á ṣí kúrò níbẹ̀.

Ẹyẹ ń ronú

Odídẹrẹ́ ńkọ́, ẹyẹ tí wọ́n fi ń ki Ìwó? A máa ń rò pé ó kàn ń sín wa jẹ ni. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2012, wọ́n mi àpótí òfìfo kan níwájú odídẹrẹ́. Kò dún. Ẹyẹ náà kọjá sí àpótí kejì. Ìyẹn ni pé: "Kò sí níbí, a jẹ́ pé ọ̀hún ló wà."

Kí ló wá kù fún wa?

Ẹ rántí àwọn òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ káàkiri ìlú. Wọ́n á tà á láwìn, tọ́jọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí á fi san án. Ẹ wo ohun tó wà nínú àwìn kan ṣoṣo: ọjọ́ tó ti kọjá, ọjọ́ tí kò tíì dé, àdéhùn, àti "tó ò bá san ńkọ́?" Igbe ọ̀bọ dá lórí ẹkùn tó wà nítòsí. A ò tíì rí ọ̀bọ tó ń bá ọ̀bọ sọ̀rọ̀ gbèsè ọdún tó ń bọ̀. Ibí ni èdè ti yà wá sọ́tọ̀ lóòótọ́.

Àmọ́ èdè kọ́ ni làákàyè

Ní 2005, Rosemary Varley àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa ọkùnrin mẹ́ta tí ọpọlọ wọn fara pa. Wọn ò lè fìyàtọ̀ sí "ọkùnrin pa kìnnìún" àti "kìnnìún pa ọkùnrin" mọ́. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé 59 yọ 13 yàtọ̀ sí 13 yọ 59, wọ́n sì ṣe é yanjú.

Ìyá àgbà mi náà ńkọ́? Lọ́jọ́ kan, a rán ọmọ kan níṣẹ́, ó mú ṣéńjì tí kò pé wá. Wọ́n kà á, wọ́n wojú ọmọ náà, wọ́n sì na ìka méjì sókè. Igba náírà ló dín lóòótọ́.

Ẹ má fi bí ẹnu ẹnìkan ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn bó ṣe jẹ́ èèyàn tó.