Ọjọ́ Ìbí Àgbà Tó Gba Ọmọdé Mọ́ra

Ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọdún 60 tàbí 70 ní Èbúté Mẹ́ta kì í ṣe òde àgbà nìkan. Ọmọ-ọmọ ni ọlọ́jọ́ ìbí máa ń fẹ́ kó yí òun ká, àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Agége, Ìkòròdú tàbí Abẹ́òkúta á sì pọn tiwọn wá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ṣètò òde máa ń parí ètò àgbà ná, kí wọ́n tó wá háyà bouncing castle kan sí igun, kí wọ́n ní àwọn ti ṣe tọmọdé. Irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í fara rọ. Ọ̀dọ̀ ọmọ tó kéré jù lọ nínú àwọn tó ń bọ̀ ló yẹ kí ètò ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ara kò bá tu ọmọ, ìyá rẹ̀ kò ní rójú jókòó, bàbá rẹ̀ á máa wo aago, òde á sì ti tú ká kí wọ́n tó gé kéèkì. Nítorí náà, bí olùṣètò bá ti ń gba orúkọ àwọn àlejò, kí ó máa gba iye ọmọ tí wọ́n ń mú bọ̀ àti ọjọ́ orí wọn.

Ọjọ́ àti aago ló tẹ̀ lé e. Oṣù kẹfà ni òjò máa ń pọ̀ jù l'Ékòó. Òjò a máa dáwọ́ díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló fọkàn ẹni balẹ̀ fún òde ìta gbangba. Sátidé ló sàn jù. Olú ìjọ Redeemed wà ní Èbúté Mẹ́ta, ọjọ́ Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù sì ni wọ́n máa ń ṣe ìdúpẹ́. Ẹni tó bá fi òde sí ọjọ́ náà gbọ́dọ̀ ti ronú ibi tí ọkọ̀ á dúró sí. Òde Èkó tí káàdì rẹ̀ kọ aago 2 lè má bẹ̀rẹ̀ títí di aago 4, nígbà tí oúnjẹ á sì fi débẹ̀, ọmọ ọdún 3 ti sùn, ó ti jí, ó ti ń ké. Aago 11 òwúrọ̀ sí aago 3 ọ̀sán ló bá ọmọ mu. Fọ́tò mọ̀lẹ́bí ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà, nígbà tí aṣọ àwọn ọmọ ṣì mọ́. Aṣọ ẹbí tọmọdé sì ní láti jẹ́ àǹkárá tàbí àdìrẹ, nítorí léèsì máa ń yún wọn lára.

Ní ti ibi tí wọn á lò, ilẹ̀ Èbúté Mẹ́ta há. Gómìnà Glover ló la àdúgbò náà sí òpópónà tó gún régé fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì Ẹ̀gbá tó sá kúrò ní Abẹ́òkúta ní 1867. Lónìí, ilé ti fún mọ́ra níbẹ̀, àgbàlá kò tó, ìdí nìyẹn tí òde fi máa ń bọ́ sí ojú títì. Wọn kì í ti títì láìgba àṣẹ. Bí àṣẹ bá sì wà, gọ́tà ni ewu tó kù: kí olùṣètò fi pákó bo gbogbo gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kánópì kí wọ́n tó to àga kankan. Ibi tó tura jù ni ọgbà Reluwé, níbi tí Ilé Jaekel wà. 1898 ni wọ́n kọ́ ilé alájà náà, ẹgbẹ́ Legacy tó ń tọ́jú ilé àtijọ́ tún un ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Reluwé. Koríko àti igi wà níbẹ̀, àwọn ọmọ á sì rí ohun ìgbà àtijọ́ wò. Àlejò tó ń ti Agbádó, Agége tàbí Ìkẹjà bọ̀ lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024, kó sọ̀ ní Oyíǹgbò. Fún ìyá tó pọnmọ, ó sàn ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ.

Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí ọmọ wà, sípíkà náà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn méjì tí wọ́n sanwó fún ni kó máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Àǹtí tó wé gèlè, tó fẹ́ jó, kò lè ṣe é. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ ọdún 10 àti ọmọ ọdún 2 jọ máa fò nínú bouncing castle kan náà. Bí bàlúùnù bá bẹ́, kí wọ́n ṣa àfọ́kù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè há ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Bojúbojú, tẹn-tẹn àti súwè kò ná olùṣètò lówó. Èyí tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ọlọ́jọ́ ìbí fúnra rẹ̀ jókòó sórí ẹní láàárín wọn, kó pa àlọ́ kan tàbí méjì. Kò sí ohun tí DJ lè lù tí yóò rọ́pò rẹ̀, ó sì yẹ kó ní àyè tirẹ̀ nínú ètò.

Oúnjẹ ọmọdé ni kó kọ́kọ́ jáde, ní aago 12. Kí alásè se ìkòkò jọ̀lọ́fù kékeré kan lọ́tọ̀, tòmátì àti tàtàṣé nìkan, láìsí ata rodo. Mọ́ínmọ́ín tọmọdé kò gbọdọ̀ ní ẹja eléegun nínú, ẹ̀pà kò sì gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọmọ tí kò ì pé ọdún 5. Oúnjẹ tó ti tutù nínú kúlà fún ohun tó ju wákàtí 2 lọ, kí wọ́n má bù ú fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ owó níná náà kò ṣeé fojú fò. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n náírà síni lórí àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Àwọn ọmọ tó ń ṣa owó lábẹ́ ẹsẹ̀ oníjó ni wọ́n sì máa ń tẹ̀ lọ́wọ́. Àpótí tí wọ́n á máa ju àpòòwé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ́jọ́ ìbí ti tó.

Bí aago 3 bá lù, àgbà tó bá fẹ́ lè máa jó lọ, ṣùgbọ́n ètò tọmọdé ti parí. Ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n ti pín ẹ̀bùn wọn, kí ẹni tó ń pín in sì di ìwé orúkọ wọn mú. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jáde àfi pẹ̀lú ẹni tó mú un wá.