Àdéhùn Tó Wà Nídìí Ìrànwọ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Olùkọ́ Ọrọ̀-Ajé

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin tí ẹ ń múra láti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá ní ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ìdàgbàsókè, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Ẹ mọ irú ènìyàn tó jókòó níwájú yín. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹlòmíràn ti pẹ́ nílé-iṣẹ́ ìṣúná ìlú rẹ̀. Bó bá padà sílé, ohun tó bá kọ sílẹ̀ lè di òfin. Bí ẹ bá ṣì í kọ́, àwọn tí kò mọ̀ yín rí ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.

Kòríà mọ iyì iṣẹ́ yìí. Nígbà tí nǹkan ṣẹnuure fún un, ó dá KDI School sílẹ̀ ní 1997, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti ilẹ̀ mìíràn ti ń kẹ́kọ̀ọ́ lára ohun tójú rẹ̀ rí. Nílẹ̀ Áfíríkà níbí, irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kan, IDEP, ti wà ní Dákà láti 1962. Kí ẹnikẹ́ni má sì fojú kéré àríwá Èkìtì tí ẹ wà. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, tó ní ẹ̀ka ní Ìkọ̀lé, àárín oko àti ọjà ló wà. Ohun tí ẹlòmíràn ń kà nínú ìwé, ẹ̀yin lè mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ wò ó kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin. Kò sí ìjọba tí kì í ṣèrànwọ́ fún àwọn àgbẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Àdéhùn tí wọ́n so mọ́ ìrànwọ́ ló mú kí ti Jàpáánì, Kòríà àti Táíwánì yọrí sí rere. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kúrò lọ́dọ̀ yín láìmọ ìbéèrè mẹ́ta yìí lórí: Kí ni ìjọba fún wọn? Kí ló béèrè lọ́wọ́ wọn? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò ṣe é?

Ẹ fi ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1970 sí 1971, ìjọba Ààrẹ Park Chung-hee fún abúlé tó lé ní 33,000 ní Kòríà ní àpò sìmẹ́ǹtì 335 lọ́kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n fi ṣe ohun tí gbogbo abúlé yóò jàǹfààní rẹ̀. Abúlé kan ṣe afárá, òmíràn tún ọ̀nà ṣe, àwọn kan kò rí nǹkan gidi fi hàn. Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Ẹ bi kíláàsì pé: ta ni ká fún lẹ́ẹ̀kejì? Ẹnì kan yóò ní ká pín in dọ́gba. Ẹlòmíràn yóò ní ká fún àwọn tó tòṣì jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn rẹ̀ títí, kí oníkálukú sọ ohun tí mínísítà rẹ̀ nílé yóò ṣe. Ìgbà náà ni kí ẹ tó sọ fún wọn pé nǹkan bí abúlé 16,600 tó ṣiṣẹ́ dáadáa nìkan ni Kòríà tún fún, àpò 500 àti irin tọ́ọ̀nù kan. Àwọn yòókù kò rí nǹkan kan gbà. Ẹ óò rí i bí kíláàsì yóò ṣe pa rọ́rọ́.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó ń kó ọjà lọ sókè òkun rí ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kéré gbà, ṣùgbọ́n láti 1965 ni ààrẹ fúnra rẹ̀ ti ń jókòó ìpàdé lóṣooṣù láti mọ iye tí wọ́n tà. Ní 1964, ọjà tí Kòríà tà síta tó mílíọ̀nù 100 dọ́là; nígbà tó di 1977, ó ti di bílíọ̀nù 10. Ìwé tí onímọ̀ ọrọ̀-ajé Alice Amsden kọ ní 1989 tú ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ẹ kà á kí ẹ tó dúró níwájú ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ìtàn tó bá dùn jù létí. Wọn yóò sọ fún yín pé ipò kan náà ni Gánà àti Kòríà wà nígbà tí Gánà gba òmìnira ní 1957. Owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lè jọra, ṣùgbọ́n ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kòríà ti ṣòfin àtúnpín ilẹ̀ ní 1949 àti 1950, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní oko ju nǹkan bí hẹ́kítà mẹ́ta lọ. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ di onílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ti ọ̀pẹ náà wà ńbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé lẹ́yìn òmìnira ni Màléṣíà wá gba èkùrọ́ lọ́wọ́ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní 1848 ni wọ́n ti gbin mẹ́rin sí Bogor ní Indonéṣíà, nígbà tó sì di 1917, Màléṣíà ti bẹ̀rẹ̀ oko ọ̀pẹ ńlá tirẹ̀. Ohun tó yẹ ní wíwádìí ni FELDA, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956. Ó fún àwọn tí kò nílẹ̀ ní oko, ó ń yọ gbèsè nínú irè wọn díẹ̀díẹ̀, ẹni tó bá san án tán yóò sì gba ìwé ilẹ̀. Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tiwa náà bẹ̀rẹ̀ oko ìtẹ̀dó ní nǹkan bí 1959, wọ́n wo àwòkọ́ṣe Ísírẹ́lì, wọ́n sì náwó sí i gan-an, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ ló fi í sílẹ̀. Ọ̀kan nínú irú oko bẹ́ẹ̀ wà ní Orin-Èkìtì, nítòsí Ìdó. Ẹ kó akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Ẹ kó wọn dé ilé-iṣẹ́ bíríkì Ìrè-Èkìtì tó dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n bi àwọn àgbà ìlú pé ta ni ó yẹ kó ra bíríkì náà, ta sì ni yóò dáhùn bí kò bá tà.

Bí ẹ bá ń lọ sóko, ẹ kọ́kọ́ kí ọba àti àwọn ìjòyè. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọjà. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tó ń wọlé fún ènìyàn. Kò sí àgbẹ̀ Èkìtì tí yóò sọ òótọ́ rẹ̀ fún àlejò. Ẹ jókòó ti àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, bí wọ́n ṣe ń fi jáàkì fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ wá béèrè pé: ta ló ni ẹ̀rọ? Èló ni dísẹ́ẹ̀lì báyìí? Ta ló ń wá kó gàrí, ta ló sì ń dá iye lé e? Akẹ́kọ̀ọ́ láti Nepal tàbí Sierra Leone yóò rí i níbẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ ti wà. Ẹni tí yóò fún un lówó, tí yóò sì béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni kò sí.

Ẹ sọ ìyà tó wà nínú ìtàn Kòríà fún wọn pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá 1970, ìgbà kan náà tí wọ́n ń pín sìmẹ́ǹtì, ọ̀dọ́mọkùnrin aránṣọ kan, Jeon Tae-il, dáná sun ara rẹ̀ ní Seoul nítorí ìyà tó ń jẹ òṣìṣẹ́. Ọmọ ọdún 22 ni. Olùkọ́ tó bá fi èyí pamọ́ ń kọ́ àwọn apàṣẹ wàá ọ̀la ni.

Ẹ̀yin àbúrò mi, iṣẹ́ yín ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ọ̀dọ̀ yín dìde má lè fọwọ́ sí ìrànwọ́ kankan mọ́ láìbéèrè àdéhùn rẹ̀. Ẹ ka ìwé, ẹ yẹ iye wò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa rin oko. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò tíì wádìí.