Bí Ẹ̀rọ Agé-irin Bá Dúró Kí Ó Tó Dé Ààlà Rẹ̀

Ohun gbogbo tí ń rìn ni ó ní ibi tí ìrìn rẹ̀ mọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ agé-irin tí a ń fi nọ́ńbà darí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ irin ń pè ní CNC. Ní ọdún 1952 ni a fi irú rẹ̀ han àwọn ènìyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ihò tí a lu sára bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó fi ń gba àṣẹ nígbà náà. Lóde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń pàṣẹ fún un. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìrìn rẹ̀ sábà ń gbà: X sọ́tùn-ún sósì, Y síwájú sẹ́yìn, Z sókè sódò.

Ààlà méjì ni ó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Èkíní jẹ́ nọ́ńbà tí a kọ sínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Èkejì jẹ́ súìṣì tí a kàn mọ́ ara ẹ̀rọ, díẹ̀ lẹ́yìn èkíní, kí ó lè dá tábìlì dúró bí èkíní bá kùnà.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ tí ó ti gbó a dúró kí ó tó dé ibi tí ó yẹ. Kí ni kí a ṣe? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí a má ṣe sáré yí nọ́ńbà padà. Ibi tí ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kì í rántí ibi tí wọ́n wà nígbà tí a bá pa iná wọn. Wọ́n dà bí afọ́jú tí ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà: bí ó bá ṣi ẹnu ọ̀nà mú, gbogbo ìṣirò rẹ̀ yóò yẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń dá tábìlì padà sí ibi ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá tan ẹ̀rọ. Súìṣì kan ni ó ń sọ pé ibẹ̀ ti súnmọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀rọ a wá àmì kan tí ń wáyé lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan ọ̀pá gígùn tí a gé bíi bóòtù, tí ń ti tábìlì. Bí súìṣì náà bá yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ lè fo àmì kan, kí ó mú èyí tí ó tẹ̀lé e. Ká ní ìyípo kan jẹ́ mílímítà 10: tábìlì yóò ku mílímítà 10 kí ó tó dé ààlà rẹ̀ ní apá kan, ní apá kejì yóò kọjá ààlà, ó sì lè lọ kan súìṣì ìpẹ̀kun. Bí àṣìṣe bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìyípo kan, ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni àrùn wà.

Bí ibi ìbẹ̀rẹ̀ bá dára, kí a yẹ nọ́ńbà inú ìrántí wò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, bátìrì kékeré ni ó ń pa á mọ́. Bí bátìrì bá kú nígbà tí a pa iná, ìrántí lè parẹ́. Ìdí nìyí tí oníṣẹ́ ọlọ́gbọ́n fi ń kọ gbogbo nọ́ńbà wọnnì sínú ìwé.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ń ké pé òun ti dé ìpẹ̀kun, tí tábìlì sì wà láàrin gbùngbùn, kí a pa iná, kí a wo súìṣì àti wáyà rẹ̀. Èérún irin àti epo lè mú kí súìṣì há. Bí wáyà bá sì já, ẹ̀rọ yóò rò pé a ti tẹ súìṣì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣètò rẹ̀, kí ìbàjẹ́ baà lè mú ìdúró wá dípò ewu.

Ẹni tí ó bá fi okùn di súìṣì ìpẹ̀kun kí iṣẹ́ baà lè yá, ó ti lé ajá tí ń ṣọ́ ilé rẹ̀ jáde. Tábìlì wíwúwo lè lọ lu ìpẹ̀kun, ọ̀pá lè tẹ̀, ọwọ́ ọmọ-iṣẹ́ tí ó wà lọ́nà sì lè fọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí a máa tún ṣe lẹ́ẹ̀kan; kí a dán an wò jẹ́jẹ́, kí ọwọ́ sì wà nítòsí bọ́tìnì ìdádúró.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ààlà méjèèjì?
2. Èéṣe tí a fi fi ẹ̀rọ àtijọ́ wé afọ́jú?
3. Ṣàlàyé òwe tí ó wà nínú àyọkà yìí ní ọ̀rọ̀ tìrẹ.